Koríko Tí A Kò Tètè Gé

Àwa tí à ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Ìkòròdú, iṣẹ́ méjì là ń ṣe. Ọ̀kan ni kí á gbin nǹkan fún èèyàn. Èkejì, tí kì í jẹ́ kí ebi pa wá nígbà tí ọjà bá kú, ni kí á bá èèyàn hú ohun tó ti wà nílẹ̀ kúrò. Oníbàárà á pè láti Ìgbógbó tàbí láti Ọ̀dógùnyàn, á ní, "Ìyá olódòdó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo iwájú ilé mi, igbó ti fẹ́ gbé e mì." Bí mo bá débẹ̀, màá bá eèsún tó ga ju fẹ́ǹsì lọ, màá bá gbẹ́gi, màá bá èkan tó ti yọ ìrù funfun, màá sì bá làbẹ̀làbẹ̀ níbi tí omi bá ti ń dúró. Kò sí èyí tí wọ́n ń dárúkọ nínú wọn. Igbó ni gbogbo wọn ń jẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á yọ àdá, wọ́n á ro ó títí ilẹ̀ pupa á fi hàn, a ó wá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì lé e. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, oníbàárà yìí kan náà á máa ra omi tánkà kí koríko rẹ̀ má baà gbẹ.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àlejò ni kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì yẹn, Axonopus compressus. Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ló ti wá. Onílé là ń hú, àlejò là ń ra omi fún.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ koríko ẹnu ọ̀nà ṣeré. Ilé tí koríko bá ti hù dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ẹni tó ń kọjá ni pé onílé ti kú, tàbí gbèsè ló lé e lọ, tàbí àwọn ọmọ ń du ogún ní kóòtù. Baálé kú, ilé dahoro. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń gbàdúrà níbi ìkómọ àti ìṣílé pé koríko ò ní hù lójúde wa, tí gbogbo wa á sì ṣe àmín kíkankíkan. Ẹ tún wá fi ti ejò kún un. Mo ti bá paramọ́lẹ̀ lábẹ́ eèsún rí, kì í ṣe ìtàn tí wọ́n sọ fún mi. Ẹni tó bá ní kí n gé e mọ́lẹ̀ ráúráú, mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ojú tí mo fi ń wo koríko nìyẹn nígbà tí mo lọ sí ilé bọ̀dá mi ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó wa ń retí ọmọ, orúnkún màmá wa ò sì jẹ́ kí wọ́n lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ni wọ́n bá ní kí n lọ dípò àwọn. Oṣù kẹwàá ni mo débẹ̀. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò náà ló ní koríko tútù tí wọ́n gé pẹlẹbẹ títí dé etí títì. Ilé bọ̀dá mi nìkan ló yàtọ̀. Koríko gbígbẹ ló kún iwájú rẹ̀, òmíràn dé mi níbàdí, òmíràn ga jù mí lọ, atẹ́gùn ń fì í sọ́tùn-ún sósì. Mo wojú bọ̀dá mi, mo wo koríko, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìyàwó wa ló rí ojú mi tó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀. Owó la fi rà á o."

Òótọ́ ni, owó ni wọ́n fi rà á, wọ́n sì tún fi owó hú kápẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbà náà ni little bluestem, Schizachyrium scoparium. Kì í ga ju ìbàdí lọ púpọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ewé rẹ̀ máa ń dà bíi pé wọ́n po àwọ̀ ojú ọ̀run mọ́ àwọ̀ ewé. Bí òtútù bá ti ń sún mọ́lé, á pọ́n, á di àwọ̀ bàbà, irúgbìn rẹ̀ á sì yọ òwú funfun wẹ́wẹ́ lára igi láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ẹ̀yìn òwú yẹn wọlé, ẹ ó dúró wò ó. Ìpínlẹ̀ Nebraska àti Kansas ti sọ ọ́ di koríko ìpínlẹ̀ wọn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin òdòdó alọ́dún-mọ́dún ní Amẹ́ríkà sì mú un ṣe ọ̀gbìn ọdún 2022. Ó ní ìwà kan tó ya èmi oníṣòwò ajílẹ̀ lẹ́nu: kò fẹ́ ìtọ́jú. Bí ẹ bá bu ajílẹ̀ sí i, tàbí ẹ gbìn ín síbi tó tutù tó lọ́ràá, á ga kọjá agbára rẹ̀, á wá ṣubú lulẹ̀ kó tó di ìgbà ìwọ́wé. Iyanrìn gbígbẹ ló fẹ́, kí oòrùn sì máa pa á látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Èyí tó ga jù mí lọ ni big bluestem, Andropogon gerardii. Orí òdòdó rẹ̀ pín sí mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ẹsẹ̀ tòlótòló. Gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ tó mítà mẹ́ta, ó jìn ju bí igi rẹ̀ ṣe ga lọ. Nígbà tí bọ̀dá mi pe orúkọ Andropogon, etí mi ta. Èruwà wa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, Andropogon gayanus, koríko gíga tí a máa ń rí lójú ọ̀nà bí a bá ti kọjá Ìbàdàn tí a forí lé Ọ̀yọ́ àti Ṣakí. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ọ̀kan ń gbé nínú oòrùn, èkejì ń gbé nínú yìnyín. Ìdílé yẹn tilẹ̀ gbòòrò ju bí mo ṣe rò lọ: àgbàdo wà nínú rẹ̀, ìrèké, ọkà bàbà, koríko tíì, títí kan èkan tí gbogbo àgbẹ̀ ń ṣépè fún.

Bọ̀dá mi kì í ṣe àgbẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dàn ti wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ní nǹkan bí mílíọ̀nù 18 éékà ilẹ̀ Minnesota ló jẹ́ ọ̀dàn kí àwọn òyìnbó tó wá tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn Dakota, ìran tó ni ilẹ̀ náà, máa ń dáná sun ún lásìkò, koríko tuntun á yọ, ẹran á wá jẹ ẹ́. Nígbà tó di 1837, alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ John Deere rọ ohun ìtúlẹ̀ onírin dídán ní Illinois, ilẹ̀ dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́ kò lè lẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tú ọ̀dàn, tí wọ́n ń fi àgbàdo àti sóyà rọ́pò rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún éékà tó wà nígbà yẹn, èyí tó ṣẹ́ kù lónìí kò pé méjì. Labalábá kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Dakota skipper, ara koríko ọ̀dàn bíi little bluestem ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jẹun. Ní 2014 ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ìparun ń wu léwu. Torí náà, ohun tí bọ̀dá mi gbìn síwájú ilé kì í ṣe ohun tuntun. Ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ àdúgbò náà ni.

Mo bi wọ́n léèrè bóyá òtútù ibẹ̀ kì í pa á. Iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ní àwòrán ilẹ̀ kan tó pín orílẹ̀-èdè náà sí ọ̀nà 13 gẹ́gẹ́ bí òtútù ibi kọ̀ọ̀kan bá ṣe le tó. Nọ́ńbà kẹrin ni ti bọ̀dá mi, níbi tí òtútù ti lè já sí nǹkan bí 30 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Fíríìsà tí à ń gbé ẹja sí ní ọjà Sábó, 18 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ń fẹ́ kó wà. Ẹ wá fojú inú wo koríko tó ń gbé níta nínú èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó ṣe ń yè é rèé. Bí ojú ọjọ́ bá ti ń yí padà, koríko á kó oúnjẹ tó wà nínú ewé sọ̀kalẹ̀ sínú gbòǹgbò, ewé á wá gbẹ. Ibi tí ewé ọdún tó ń bọ̀ máa gbà yọ wà nídìí rẹ̀, ní ìpele ilẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ díẹ̀, òkè kò kàn án mọ́. Igi gbígbẹ tó dúró á gba yìnyín dúró sídìí ara rẹ̀, yìnyín yẹn á sì bo ìdí náà kí òtútù afẹ́fẹ́ má baà kàn án tààrà. Ọ̀gbìn tó bá kú níbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà omi ló pa á: ìdí rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ dì, ó yọ́, ó tún dì, ó fi bẹ́ẹ̀ hú u sókè. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fẹ́ gbin àwọn koríko olóoru yìí, ìyẹn àwọn tó ń dàgbà nígbà ooru, nígbà tí òtútù ti ń wọlé. Gbòǹgbò wọn ò ní ráyè di ilẹ̀ mú. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń gbìn ín, tí ilẹ̀ bá ti ń gbóná.

Torí yìnyín tí igi gbígbẹ ń gbà dúró yẹn ni wọn kì í fi í gé e kí òtútù tó dé. Èyí ló kọ́kọ́ le fún mi láti gbà. Ní tèmi, ohun tó bá ti gbẹ, ó ti tán, ẹ kó o dànù kí ibẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ já, gbogbo koríko pẹlẹbẹ àdúgbò wọlẹ̀, kò sí ohun tó kù láti wò mọ́ ju funfun lọ. Ọgbà bọ̀dá mi nìkan ló ṣì wà lóòró. Switchgrass, Panicum virgatum, dúró ṣánṣán bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, little bluestem tẹ̀ díẹ̀, lọ́jọ́ kejì ó tún nàró. Àwọn ẹyẹ kékeré eérú tí wọ́n ń pè ní junco ń bọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ṣa irúgbìn lórí yìnyín. Èmi àti ọmọ jòjòló máa ń dúró lẹ́bàá fèrèsé, kò sí ibòmíràn tí à ń rí ohun tó ń mira.

Lọ́jọ́ kan mo wọ ẹ̀wù méjì lé ara wọn, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo jáde lọ wò ó. Mo fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ ojú ọ̀nà, ó dún kó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sídìí little bluestem kan, mo tú yìnyín kúrò, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo ti ìka bọ àárín rẹ̀. Ewé gbígbẹ tó dì mọ́ra wọn níbẹ̀ ṣì rọ̀, ó gbẹ táútáú, afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn. Òtútù níta ń já mi níka, àmọ́ kò tíì wọ ibẹ̀ tán. Mo dúró síbẹ̀ títí ìyàwó wa fi ń pariwo látẹnu ilẹ̀kùn pé kí n má wá ṣàìsàn sí àwọn lọ́rùn.

Apá kan wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi oak ńlá kan, tí koríko olóoru ò lè hù sí nítorí òjìji. Ẹbí ọ̀fìọ̀ ni wọ́n gbìn síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní Carex, tí irú wọn lágbàáyé tó nǹkan bí 2,000. Ẹni tó bá ti ń ta ọ̀fìọ̀ rí láìmọ bó ṣe ń hù, ó jọ koríko, àmọ́ kì í ṣe koríko. Ẹ mú igi òdòdó rẹ̀ sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là, ẹ yí i. Ti koríko á yí gbirigbiri nítorí pé ó rí rogodo; ti ẹbí ọ̀fìọ̀ kò ní yí dáadáa, ẹ ó máa gbọ́ igun mẹ́ta rẹ̀ bó ṣe ń gún yín lọ́wọ́. Nílé, mo ti fa irú rẹ̀ tu lójú gọ́tà láìmọye ìgbà, mi ò yí i lọ́wọ́ wò rí. Èyí tó wà lábẹ́ igi oak náà, Carex pensylvanica, kì í ga ju ìwọ̀n rúlà ọmọ ilé-ìwé lọ, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí ó fi bo ibi tí kápẹ́ẹ̀tì kọ̀ láti hù sí. Wọn kì í gé e. Ẹni tó bá fẹ́ lè gé e lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Irúgbìn Carex ló dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í hù àfi tó bá ti gba òtútù àti ọ̀rinrin pọ̀ fún oṣù kan tàbí méjì. Bí kò bá rí èyí, ó gbà pé ìgbà òtútù kò tíì kọjá, á sì sùn lọ. Ẹni tí kò bá fún un sílẹ̀ níta kí yìnyín tó já, inú fíríìjì ló máa gbé e sí. Bọ̀dá mi po ti Carex vulpinoidea mọ́ iyanrìn tútù, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n kọ ọjọ́ sí i, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ata lílọ̀ àti ẹ̀fọ́ tí mo gbé wá láti ilé. Ìyàwó wa ṣí fíríìjì. "Àǹtí, ẹ wá wo ohun tí ọmọ ìyá yín ṣe! Iyanrìn! Níbi tí mò ń tọ́jú wàrà ọmọ sí!" Mo dá sí i gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ, mo ní kí wọ́n gbé iyanrìn wọn lọ sí fíríìjì kejì tó wà ní gáréèjì. Ibẹ̀ ló wà títí mo fi dé ilé.

Kí n tó kúrò níbẹ̀ lóṣù kẹrin, a gé e. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn, èmi náà bọ́ sí i. Wọ́n ní kí a fi okùn so ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín, kí a wá gé e ní nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan sókè ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sí ọwọ́ ẹni lẹ́ẹ̀kan náà láìtú ká. Ibẹ̀ wá ṣófo. Kápẹ́ẹ̀tì àwọn aládùúgbò ti tutù nígbà yẹn, torí pé koríko òtútù ni tiwọn, kì í pẹ́ jí. Àwọn bluestem á dúró di oṣù karùn-ún kí wọ́n tó yọjú rárá. Ọkùnrin arúgbó tó ń gbé òdìkejì títì dúró, ó bi bọ̀dá mi bóyá ó ti kú. Bọ̀dá mi ní rárá, ó ń sùn. Mo gbà pé sùúrù ni olówó iṣẹ́ yìí: irúgbìn prairie dropseed, Sporobolus heterolepis, lè gba ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di ìdìpọ̀ tó ṣeé wò, àmọ́ tó bá ti di ilẹ̀ mú, ó lè pẹ́ láyé ju ẹni tó gbìn ín lọ, òdòdó rẹ̀ á sì máa ta òórùn bíi ti gúgúrú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju orúkọ koríko lọ. Bọ̀dá mi gé kápẹ́ẹ̀tì tínínrín kan yí ọgbà náà ká, kò fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ kan lọ, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kó ga. Ọ̀nà kékeré tún wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n fi òkúta tẹ́. Láìsí ìlà yẹn, igbó ni. Irùngbọ̀n tí onígbàjámọ̀ là létí yàtọ̀ sí irùngbọ̀n ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gígùn kan náà ni wọ́n. Òfin pàápàá mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ní 2023, ìpínlẹ̀ Minnesota ṣòfin pé àwọn ìlú gbọ́dọ̀ gba onílé láàyè láti gbin irú ọgbà báyìí kó sì ga, bó ṣe jẹ́ pé ó gbìn ín tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tí ọ̀lẹ kàn fi sílẹ̀ láìgé kò sí lábẹ́ ààbò òfin náà.

Ìlà yẹn ni mo gbé bọ̀ wálé, n kò gbé irúgbìn kankan.

Bàbá kan wà ní Ìgbógbó, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí ọ̀gbàrá ti ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Kápẹ́ẹ̀tì tí mo tẹ́ fún wọn síbẹ̀ kò pẹ́ rá, omi ń dúró lé e lórí láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹwàá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí á fi àwọn tó ń hù síbẹ̀ fúnra wọn ṣe ọgbà. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìyá olódòdó, ṣé koríko lẹ fẹ́ kí n sanwó fún?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àmọ́ a ó là á létí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò ní sanwó kankan àfi tó bá pé ọdún kan.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ yọjú ni pé Ìkòròdú kì í ṣe ọ̀dàn. Ó wù mí láti gbin èruwà, ó wù mí láti gbin bẹẹrẹ, koríko tí wọ́n máa ń fi ṣe ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, tí wọ́n ń gbé fún Aláàfin láti fi bo òrùlé ààfin. Ẹni tó bá ń sọ pé koríko ò níyì, kó rántí ìyẹn. Àmọ́ ará òkè ni wọ́n. Ilẹ̀ tiwa ní ẹ̀bá ọ̀sà yìí, igbó dúdú àti àbàtà ló jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wo ẹ̀bá omi ní Májídùn: ẹbí ọ̀fìọ̀ ló jọba níbẹ̀. Torí náà, nínú kòtò tí omi ń dúró sí, mo gbin Rhynchospora corymbosa, èyí tó ga dé àyà, tí orí rẹ̀ ṣe ìdìpọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ lẹ́ṣẹẹsẹ. Ewé rẹ̀ mú, ó ń ya èèyàn lára, mo sì gbé e jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ-ọmọ bàbá ń gbà kọjá. Sí etí ibi tí ọ̀gbàrá ti ń jẹ ilẹ̀, mo to koríko vetiver tiwa-n-tiwa, Chrysopogon nigritanus, ní ìlà méjì tó sún mọ́ra. Gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ ní tààrà, kì í sá lọ sábẹ́ ilé. Mo ti koríko tíì bọ igun kan nítorí ìyàwó bàbá, ẹ má dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé àlejò ni òun náà. Eèsún nìkan ni mo kọ̀ fún. Ó lẹ́wà, àwọn ẹyẹ ẹ̀ga sì fẹ́ràn láti máa ya ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ fi hun ìtẹ́, àmọ́ kò mọ ààlà. Ní Minnesota, mo rí eèsún aláwọ̀ elésè-àlùkò nínú ìkòkò ńlá lẹ́nu ọ̀nà báńkì kan, wọ́n ń tà á lówó gọbọi fún ẹ̀ṣọ́. Ìrì dídì kan ṣoṣo ló pa á. Níbí, kò sí ohun tó máa bá wa pa á.

A fi íntálọ́ọ̀kì là á létí yíká, ìyẹn ló sì gba bàbá lọ́kàn jù. Àlejò tó bá wọlé, wọ́n á ní, "Ẹ wo ọgbà mi," ṣáájú kí onítọ̀hún tó rí igbó.

Kì í ṣe gbogbo òfin ọ̀hún ló ṣiṣẹ́ níbí. Ìgbà ọyẹ́ ni koríko wa máa ń gbẹ, ó sì jẹ́ ìgbà tí iná máa ń ràn jù. Ẹni tó ní kí á fi koríko gbígbẹ sílẹ̀ sẹ́bàá ògiri ilé ní oṣù kejìlá, tí ẹnì kan ń sun pàǹtírí ní ilé kejì, kò fẹ́ràn wa. Gbogbo èyí tó sún mọ́ ilé, mo gé e kí ọyẹ́ tó mú. Èyí tó wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá kòtò ni mo fi sílẹ̀ di ìparí oṣù kejì, kí òjò àkọ́kọ́ tó dé. Ọgbọ́n kan náà ni, àsìkò ló yàtọ̀: gé e nígbà tó kù díẹ̀ kó jí. Ti ejò ńkọ́? Mo jẹ́ kí àyè tó mọ́ wà láàárín ọgbà àti ilé, tó fẹ̀ tó ọ̀nà ọkọ̀, mo sì ní kí wọ́n fi iná mànàmáná síbẹ̀ lálẹ́. N kò lè ṣèlérí ju ìyẹn lọ, mo sì sọ ọ́ fún bàbá bẹ́ẹ̀. Wọ́n sanwó kí ọdún tó pé.

Ó ti wá ku èmi àti bọ̀dá mi. Láti ìgbà tí mo ti sọ fún wọn pé èruwà ni àbúrò big bluestem wọn, kò sí ìgbà tí wọ́n pè lórí WhatsApp tí wọn kì í ní kí n bá wọn wá irúgbìn rẹ̀ fi ránṣẹ́. Mo kọ̀. Àwọn ará Ọsirélíà ló kó èruwà yìí lọ síbẹ̀ fún oúnjẹ màlúù, wọ́n ń pè é ní gamba. Ó sá kúrò nínú pápá, ó wọ igbó, ó ń jó ju koríko ibẹ̀ lọ débi pé ó ń pa igi tí iná kì í pa tẹ́lẹ̀. Ní 2012 wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn èpò tó burú jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Bọ̀dá mi ní yìnyín Minnesota máa pa á ni, kí ni mò ń bẹ̀rù. Mo ní tí yìnyín bá máa pa á, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Mo tún rán wọn létí èkan: ní nǹkan bí 1912 ni wọ́n fi di ọsàn wá láti Japan sí Alabama, bíi ohun tí à ń tẹ́ sínú àpótí lásán, títí dòní ni ìjọba Amẹ́ríkà ń náwó lé e lórí.

Wọ́n ní ó dáa, kí n jẹ́ kí àwọn fi irúgbìn little bluestem ránṣẹ́ sí mi ní tèmi. Mo ní ẹ ṣeun sà, ẹ bá mi fowó rẹ̀ ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, làbẹ̀làbẹ̀ ń ya wọ́n lọ́wọ́.